Ètìpọ́nọlá Ìyá Akínọ̀ṣọ́

Lọ́dún tí wọ́n ń mú ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ fẹ̀ sí i, àfòpiná kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mi tán, èpò Ìyá Akínọ̀ṣọ́ ni mo sì fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Àwa kan ń gbin ẹfọ́ nígbà náà sí ilẹ̀ tóóró kan tó wà láàárín ọ̀nà náà àti ògiri ẹ̀sìtéètì, kí ènìyàn tó dé Ṣàngótẹ̀dó láti Ajah. Abẹ́ wáyà iná ńlá ni. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi wá sílẹ̀. Àwọn ará ẹ̀sìtéètì máa ń dá mọ́tò dúró láàárọ̀ láti ra ẹfọ́ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń bá wọn kọ́lé lọ́nà Ìbẹ́jú máa ń rà á nírọ̀lẹ́. A ń jẹun níbẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ ni.

Tẹ̀tẹ̀ tí mo ń gbìn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ló fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ l'Ékòó láti Ìsẹ́yìn, ó dì í sínú ègé aṣọ kan. Ewé rẹ̀ fẹ̀. Bí o bá gé e, á tún hù, wàá tún gé e. Èyí tó ń ti inú agolo jáde, o ò tíì gé e lẹ́ẹ̀mejì tó fi máa yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á sì kéré bí etí eku. Ìyá mi ti kú. Àwọn tó kù nílé wa ti fi oko sílẹ̀, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Ẹni tó bá ní irú tẹ̀tẹ̀ náà lórí ilẹ̀ wa ní Ajah, ọwọ́ mi ló ti gbà á.

A ní òfin kan. Olúkúlùkù máa ń fi bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀ kó gbó, kó so hóró. Ìyá ẹfọ́ là ń pè é. A máa ń ri igi mọ́ orí rẹ̀, a ó so àkísà funfun mọ́ igi náà. A kì í gé ìyá ẹfọ́. Bí oníbàárà gbé mọ́tò tó tó ilé wá, tí kò sí ẹfọ́ mìíràn nílẹ̀, a ó ní kó padà wá. Bí ìyá ẹfọ́ ẹnì kan bá bàjẹ́, ẹni tí tirẹ̀ yè gbọ́dọ̀ bu irúgbìn fún un. A kì í tà á fún ara wa.

Lọ́dún yẹn, ìyá ẹfọ́ mi nìkan ni mo gbójú lé. Irúgbìn tí mo tọ́jú tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Òjò rọ̀, àgbàrá wọ yàrá mi, hóró náà rin, ó hù sínú ike tí mo kó o sí. Mo fi ìwọ̀nba tí mo rí ṣà gbin bẹ́ẹ̀dì kan, mo so àkísà mọ́ ọn.

Babájídé, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà, ti wá kan èèkàn mọ́ ilẹ̀ wa. Ó fi ọ̀dà pupa kun orí wọn, láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé gọ́tà tó wà ní ìparí.

“Ẹ máa kó ẹfọ́ yín o,” ló wí. “Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, katakátá á dé. Katakátá ò mọ ìyá ẹfọ́, kò mọ bàbá ẹfọ́.”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a gbọ́. A ti rí ilẹ̀ mìíràn ní Ṣàngótẹ̀dó, ilẹ̀ àbàtà tí ìdílé kan gbà kí á máa lò. Ilẹ̀ láìsí irúgbìn, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ohun tí mo ń wá kò pọ̀: kí ìyá ẹfọ́ mi gbó, kí n gba hóró rẹ̀ kí katakátá tó dé.

Ìyá Akínọ̀ṣọ́ kì í gbin ẹfọ́. Eléwé ni wọ́n. Ọmọ Ajah gan-an ni wọ́n, àwọn bàbá wọn ń pẹja nínú ọ̀sà kí àwa àjèjì tó dé. Ètìpọ́nọlá máa ń hù káàkiri ẹ̀bá oko wa, ṣùgbọ́n ibi tó pọ̀ sí jù ni igun kan lẹ́bàá gọ́tà. Ó tẹ́ sórí iyanrìn níbẹ̀ bí ẹní, òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìyá Akínọ̀ṣọ́ ló ń gé e. Wọn kì í fà á tu. Wọ́n á gé apá kan lónìí, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀ kó sinmi. Àwọn alágbo Ajah kì í gba ètìpọ́nọlá ẹlòmíràn bí tiwọn bá wà, nítorí tiwọn mọ́, kò sí ìtọ̀ ènìyàn lórí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ níbẹ̀, Ìyá Akínọ̀ṣọ́ á fi ọ̀bẹ lé e dé títì. Kò sẹ́ni tó fún wọn níwèé ilẹ̀ náà. Ètìpọ́nọlá wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé tiwọn ni.

Inú ètìpọ́nọlá ni àfòpiná tí mò ń sọ ń gbé. Kò tóbi tó èékánná ọmọdé. Àwọ̀ eérú ló ní. Ìyẹ́ rẹ̀ kò rí bí ti labalábá. Ó là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ tí òjò pa. Tó bá bà, á na ìyẹ́ náà sí ọ̀tún àti òsì, kò ní pa á dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀ bí òwú. Bí o ò bá fara balẹ̀, koríko gbígbẹ lo máa pè é. Bààlú ni àwọn kan ń pè é. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ ilẹ̀ náà, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Mo lọ sí Ìsẹ́yìn lọ wo ẹ̀gbọ́n mi tí ara rẹ̀ ò yá. Nígbà tí mo dé, ẹ̀bá oko mi mọ́ fínnífínní bí ojúde mọ́ṣáláṣí. Ọlákẹ́mi, tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ń gé ewédú.

“Àǹtí Afusat, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?”

“Ara wọn ti ń yá. Ta ló wá ro ẹ̀bá oko mi?”

“Àwa ni. Àjọṣe ni. Alága ní kí gbogbo wa fa ètìpọ́nọlá tu, pé ibẹ̀ ni bààlú yẹn ń sùn. Ẹ ò sí ńlé, a bá yín ṣe tiyín. Ẹ ò tilẹ̀ dúpẹ́.”

“Kí ni bààlú ṣe yín?”

“Kò tíì ṣe nǹkan. Alága ní kí á ṣe é kó tó ṣe wá.”

Mákánjúọlá ni Alága ẹgbẹ́ àwa ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹfọ́ lòun náà ń gbìn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló fi ń jẹun jù. Wọ́n ní ó dúró sórí agolo, ó ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ inú rẹ̀. Ó ní ètìpọ́nọlá yìí ni ẹnu ògiri wa, àfòpiná ni alángbá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́ kò bẹ̀rẹ̀ wo ètìpọ́nọlá kan ṣoṣo kó tó sọ ọ́.

“Ti Ìyá Akínọ̀ṣọ́ náà ńkọ́?”

Ọlákẹ́mi rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn? Màmá dúró sáàárín rẹ̀ tàwọn tọ̀bẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ewé àwọn, àwọn á gé e mọ́ ọwọ́ náà. Alága ní kí á fi àgbà sílẹ̀.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí mo rí kòkòrò. Mò ń wo orí ìyá ẹfọ́ mi bóyá hóró ti ń dúdú, mo rí i pé àwọn òdòdó kan ti di ìyẹ̀fun. Mo ya orí kan, mo fọ́ ọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kòkòrò tín-ín-tín, aláwọ̀ ewé, onírun lára, ni mo bá níbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ àti ti òdòdó tẹ̀tẹ̀ bákan náà. Ewé kò kàn án. Òdòdó ló ń jẹ, ibi tí hóró yóò ti jáde gan-an.

Gbogbo ìyá ẹfọ́ tó wà lórí ilẹ̀ wa ló ní in. Mákánjúọlá ra oògùn, ó gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó fín ti gbogbo ènìyàn. Mi ò jẹ́ kó fín tèmi. Ó ní mo lágídí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn náà dúró sí ìta orí tẹ̀tẹ̀, kòkòrò wà nínú. Nígbà tó yá, ewé ti Ọlákẹ́mi jó, kòkòrò rẹ̀ sì wà láàyè. Mákánjúọlá ní ayé ti bàjẹ́, oògùn ìsinsìnyí kì í ṣe ti àtijọ́. Ẹ ẹ̀ rí i, ó rí ọ̀rọ̀ sọ sí ìyẹn náà.

Èmi ń fọwọ́ ṣà á. Mo máa ń dé kí oòrùn tó yọ, mo ń la orí tẹ̀tẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ju kòkòrò sínú omi ọṣẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, bààlú tó ń bí kòkòrò náà á tún bà, á tún yé ẹyin sí i. Mo rí i pé bí mo bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀, hóró máa tán lọ́wọ́ mi kí kòkòrò tó tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo rìn dé gọ́tà. Mo fẹ́ wò ó bóyá bààlú ṣì wà níbẹ̀. Ó wà. Ó pọ̀ débi pé bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ kan ètìpọ́nọlá, wọ́n fò sókè bí eérú tí wọ́n fẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo òdòdó rẹ̀. Kòkòrò kan náà ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ mẹ́ta kan lalẹ̀ hù láàárín ètìpọ́nọlá náà, wọ́n ti ga, wọ́n ti yọ òdòdó. Mo ya orí wọn, mo fọ́ ọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fọ́ èkejì. Ó mọ́.

Ìyá Akínọ̀ṣọ́ ń di ewé. Wọ́n wò mí títí.

“Afusat, kí lo sọnù?”

“Màmá, ẹ ti rí kòkòrò lára tẹ̀tẹ̀ yìí rí?”

“Èmi ò wo tẹ̀tẹ̀. Ètìpọ́nọlá ni mò ń gé. Ó máa ń wà lára èyí tó ń yọ òdòdó. Èmi á gbọ̀n ọ́n dànù, mo ń lọ.”

“Ó dà bí ẹni pé ètìpọ́nọlá ló fẹ́ràn jù. Àwa la gbà á lẹ́nu rẹ̀, ló bá wá bá tẹ̀tẹ̀.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n fi okùn di ìdì ewé náà. “Èmi ò mọ̀. Ebi sáà ni ebi.”

Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ ènìyàn, mo kàn sọ ọ́. Mo ní mo fẹ́ wú ètìpọ́nọlá wọn, kí n gbìn ín yí ìyá ẹfọ́ mi ká, kí bààlú lè yé sí i, kó fi tẹ̀tẹ̀ mi sílẹ̀. Mo ní ẹ̀bá ọ̀nà ti di òkúta àti iyanrìn, wọ́n ti gbẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò. Tiwọn nìkan ló kù nítòsí.

“Gbogbo rẹ̀?”

“Ìdajì.”

“Ìdajì kì í ṣe kékeré, Afusat.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá.”

Wọ́n wo èèkàn Babájídé tó wà lẹ́sẹ̀ gọ́tà, tòun ti ọ̀dà pupa lórí rẹ̀. “Ọ̀nà máa gbà á náà ni,” ni wọ́n wí. “Mú ṣọ́bìrì wá láàárọ̀. Tó o bá ń wú u, wú u dé ìdí. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn. Tó bá já, kò ní dúró.”

Mo ní bí a bá dé Ṣàngótẹ̀dó, màá ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ètìpọ́nọlá wọn nínú oko mi. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná.

Èmi àti Ìyá Akínọ̀ṣọ́ la jọ wú u. Iyanrìn ni, ó rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan lè gùn ju apá mi lọ. A ń gbé e tòun ti iyanrìn rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì, mò ń rù ú lọ sí oko mi. Mo gbìn ín yí bẹ́ẹ̀dì náà ká, mo bomi rin ín. Àwọn tó ń kọjá lọ́nà dúró wò mí. Awakọ̀ kan yọ orí jáde, ó ní, “Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, èpò lẹ tún ń bomi rin báyìí? Ṣé ọjà ò tà ni?” Mo ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mákánjúọlá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti ọkọ́.

“Afusat, kí ni mò ń wò yìí?”

“Ètìpọ́nọlá ni.”

“Mo mọ̀ pé ètìpọ́nọlá ni. Kí ló ń ṣe níbí?”

“Ó ń hù.”

Ọlákẹ́mi kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń bomi rin ẹfọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Alága na ọwọ́ sókè. “Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wá wò ó. A lé olè jáde nílùú, obìnrin kan ń tẹ́ ẹní fún un. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò—”

“Alága, ìyá ẹfọ́ yín ńkọ́?”

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Mo béèrè ni. Ẹ ti fa ètìpọ́nọlá tu, ẹ ti fín oògùn, ẹ ti sọ̀rọ̀. Ó yè àbí kò yè?”

“Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ní—”

“Ó yè àbí kò yè?”

“Kò yè,” ni Ọlákẹ́mi wí láti ibi tó wà. “Tèmi náà ò yè. Ó ti di ìyẹ̀fun. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ kí oòrùn tó mú.”

Mo dúró sáàárín àwọn ọkùnrin náà àti bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ní, “Tó bá jẹ́ pé èpò yìí máa pa nǹkan, ìyá ẹfọ́ tèmi ló máa pa. Tiyín ti kú. Kí lẹ tún ń ṣọ́?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fi ọkọ́ lé èjìká. “Alága, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Obìnrin yìí ò ní yẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ ò tíì tán o,” ni Mákánjúọlá wí.

“Ó ti tán lọ́dọ̀ mi.”

Àwọn ètìpọ́nọlá kan rọ, àwọn kan dúró. Àwọn tó dúró ń tan òdòdó. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sórí agolo, màá máa wo ibi tí bààlú ń bà sí. Orí ètìpọ́nọlá ni wọ́n ń lọ. Ọ̀kan tàbí méjì á ba tẹ̀tẹ̀, á tún fò kúrò. Mò ń ṣa kòkòrò orí tẹ̀tẹ̀ lọ bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dín kù lójoojúmọ́, títí mo fi ń parí rẹ̀ kí oòrùn tó yọ tán. Hóró bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ìsàlẹ̀ orí tẹ̀tẹ̀ lọ sókè.

Ṣùgbọ́n kòkòrò ti kún ara ètìpọ́nọlá. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi í sílẹ̀, gbogbo wọn máa di bààlú, wọ́n á sì pọ̀ ju èyí tí èpò díẹ̀ lè gbà lọ. Mo fa gbogbo rẹ̀ tu láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dáná sun ún pẹ̀lú koríko gbígbẹ. Ìyá Akínọ̀ṣọ́ dúró, wọ́n ń wo iná náà.

Bẹ́ẹ̀dì mi wá ṣófo ní ẹ̀gbẹ́. Bààlú ṣì wà, wọ́n ń fò káàkiri ní ìrọ̀lẹ́, tẹ̀tẹ̀ mi ni wọ́n sì tún ń bà lé. Ìdajì hóró ti gbó. Ìdajì tó kù, èyí tó wà lókè, ṣì rọ̀. A sì ń gbọ́ ariwo katakátá láti ọ̀nà Ajah, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí n gé e báyẹn, kí n gba ìdajì. Mo rò ó. Bẹ́ẹ̀dì kan ni, kò tóbi. Ènìyàn tó ń retí irúgbìn lọ́wọ́ mi ti di gbogbo wa. Ìdajì kò ní kárí. Mo tún lọ sí gọ́tà.

Ìyá Akínọ̀ṣọ́ rí mi tí mò ń bọ̀, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n jókòó síwájú ètìpọ́nọlá wọn, ọ̀bẹ wà ní itan wọn.

“O tún mú ṣọ́bìrì wá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Èyí tó kù yìí ni mò ń gé fún àwọn alágbo. Bí mo bá fún ọ, kí ni màá gbé lọ sí Ajah lọ́la?”

“Mi ò mọ̀.”

“O ò tilẹ̀ parọ́ fún mi.”

“Kí ni n bá sọ, Màmá? Bí ẹ ò bá fún mi, màá gba ìdajì hóró, mi ò ní bínú. Bí ẹ bá fún mi, gbogbo rẹ̀ lè gbó. Mi ò tilẹ̀ lè búra pé á gbó.”

Mákánjúọlá ì bá ti rí ọ̀rọ̀ tó dára fún wọn níbẹ̀. Á ní orúkọ wọn kò ní parẹ́. Èmi kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo dúró síbẹ̀ ni.

Wọ́n dìde. Wọ́n fọwọ́ gbá iyanrìn kúrò ní ìdí ìró wọn. “Ibí yìí máa di títì náà ni,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ọ̀bẹ tọ́ka sí èèkàn pupa. “Kí katakátá tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó ṣe ẹnì kan láǹfààní. Wú u. Má fi ìkankan sílẹ̀. Tó o bá fi díẹ̀ sílẹ̀ níbí, ibí ni bààlú á ti máa wá bá ọ.”

A wú u. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọlákẹ́mi bá wa rù ú, ó ń kùn pé láyé òun, òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù èpò lé ènìyàn lórí rí. Nígbà tó di ọ̀sán, igun náà ti di iyanrìn funfun lásán, tòun ti ihò níbi tí gbòǹgbò ti jáde. Ìyá Akínọ̀ṣọ́ fi ẹsẹ̀ dí àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó gbó. Mo gé orí tẹ̀tẹ̀ náà ní ọjọ́ tí oòrùn mú dáadáa, mo sá a sórí tapólì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, mo fẹ́ ẹ lórí atẹ. Hóró dúdú, ó ń dán bí ojú eku. Mo sun ètìpọ́nọlá kejì náà níná, ó di dandan, kòkòrò kún inú rẹ̀. Mo bu irúgbìn fún gbogbo wa, ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan. Mákánjúọlá na ọwọ́ méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan nípa odò tó gbàgbé orísun rẹ̀. Mo ní kó di ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Katakátá dé lẹ́yìn náà. Ó wó bẹ́ẹ̀dì wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ títí, ó sì dúró kó tó dé gọ́tà. A rò pé epo ló tán. Babájídé wá, ó fa èèkàn igun yẹn tu, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

“Páìpù wà lábẹ́ ibẹ̀,” ló wí nígbà tí mo bi í. “Wọ́n ní kí á má fọwọ́ kàn án. Títì ò dé ibẹ̀ mọ́.”

Mo wo igun náà. Kò sí ewé kan níbẹ̀.

Ẹ mọ bí ilẹ̀ òfìfo ṣe rí níhìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, oníwẹ́dà kan tó ń jẹ́ Ọdúnjọ ti gbé kọ̀ǹténà sórí rẹ̀. Ìyá Akínọ̀ṣọ́ lọ bá a tàwọn tapẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Ọmọlúwàbí ni ọkùnrin náà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú. Mi ò bá nǹkan kan níbí. Ká ní mo bá ewé kékeré kan tó dà bíi pé ènìyàn ní in, mi ò ní gbé e síbí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni.”

Mo fẹ́ bá a jà. Ìyá Akínọ̀ṣọ́ dì mí lápá mú. “Fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ.”

Mo gbin ètìpọ́nọlá sí Ṣàngótẹ̀dó gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí. Ọ̀nà Ìbẹ́jú ni mo ti lọ wú u, ní tòsí òkun. Ilẹ̀ wa tuntun tutù jù. Omi wọ ìdí rẹ̀, ó kú. Mo tún gbin òmíràn sórí ebè gíga. Ìyẹn náà kú. Mi ò tíì ṣíwọ́, ṣùgbọ́n àwọn alágbo Ajah kò dúró dè mí. Wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Tẹ̀tẹ̀ ìyá mi ń hù dáadáa níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń gbé ẹfọ́ lọ fún Ìyá Akínọ̀ṣọ́ nílé wọn ní Ajah. Wọ́n á gbà á, wọ́n á bi mí bóyá mo ti so àkísà mọ́ ìyá ẹfọ́ tọdún yìí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kì í jáde lọ tajà mọ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ètìpọ́nọlá láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹfọ́ mi ni wọ́n ń fi rẹ́.